Fọ́ọ̀-wíìlì jíìpù àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Toyota 4Runner 1998 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnì V6 onílítà 3.4, gíà ọ̀tọ́mátíìkì. Oko wa wà lápá Ìsẹ́yìn, lọ́nà tí ọ̀dà ti tán, tí ẹrẹ̀ sì gba ọ̀nà. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá, bí táyà iwájú kò bá bá ti ẹ̀yìn fà, inú ẹrẹ̀ la máa sùn. Ìyà yẹn ló jẹ́ kí n kọ́ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì, ètò tó ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà, títí ó fi yé mi, àwọn tí a jọ ń dáko sì ti ń bi mí léèrè láti ìgbà náà. Àwọn ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síhìn-ín. 4Runner ti 1996 sí 2002 ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo sọ bá mu jù. Níbi tó bá ti kan Hilux àtijọ́ tàbí Pajero, màá dárúkọ wọn.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó yé yín ná: fọ́ọ̀-wíìlì tó kọṣẹ́ sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ pé irin inú rẹ̀ ló fọ́. Wáyà, fíùsì, swíìṣì, ẹrẹ̀ tó dí nǹkan, àti àìlò ló sábà ń fà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ transfer yín (gíàbọ́ọ̀sì kékeré tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn) kalẹ̀ kó tó yẹ àwọn wọ̀nyí wò.

Báwo ni fọ́ọ̀-wíìlì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé agbára ẹ́ńjìnì bó ṣe ń lọ. Tó bá jáde nínú gíàbọ́ọ̀sì ńlá, ó máa wọ gíàbọ́ọ̀sì kékeré kan tó so mọ́ ọn lẹ́yìn. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní transfer. Propẹ́là méjì, ìyẹn ọ̀pá onírin gbọọrọ tó ń yí, ló ń jáde nínú rẹ̀, ọ̀kan kọjú sẹ́yìn, ọ̀kan kọjú síwájú. Bí ọ̀pá gíà kékeré bá wà ní H2, ti ẹ̀yìn nìkan ló ń gba agbára. Bí ẹ bá fà á sí H4, transfer á so propẹ́là méjèèjì pọ̀, wọn á sì máa yí ní ìwọ̀n kan náà. L4 náà ń so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń dín eré kù ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀, kí táyà lè ní agbára láti fa ara rẹ̀ jáde.

Iwájú ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ wà. Difurẹ́nṣà ni gíà tó ń pín agbára propẹ́là fún táyà ọ̀tún àti òsì, ṣáàfù sì ni ọ̀pá tó ń gbé e dé táyà. Wọ́n pín ṣáàfù ẹ̀gbẹ́ kan lára difurẹ́nṣà iwájú sí méjì. Ní H2, ìdajì méjèèjì kò di ara wọn mú, kí propẹ́là iwájú má baà máa yí lásán. Tí ẹ bá wọ H4, ẹ̀rọ kékeré oníná kan tó ń jẹ́ actuator á ti òrùka onírin kan kó fi dè wọ́n pọ̀. ADD ni Toyota ń pe ètò yìí. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, nígbà náà: kí transfer so, kí ADD náà so. Bí ọ̀kan bá kọ̀, táyà ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa jà nínú ẹrẹ̀, ẹ̀yin á sì rò pé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà.

Mo fa ọ̀pá sí H4, iná 4WD kàn ń ṣẹ́jú ni, kò dúró. Kí ló ṣe é?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Iná tó ń ṣẹ́jú ń sọ fún yín pé wọ́n ti rán actuator níṣẹ́, kò sì tíì wá jábọ̀ pé òun ti jẹ́ ẹ. Ó lè má jẹ́ àìsàn rárá. Eyín òrùka yẹn lè ṣàì tíì bá eyín ṣáàfù mu. Ẹ gbé sítíárìn gún, ẹ rìn díẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ́sẹ́lérétọ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Tàbí kí ẹ rìn sẹ́yìn bíi mítà 3. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó gbọ́ “kọ́” kan níwájú, iná á sì dúró. Ẹ má dán èyí wò lórí ọ̀dà gbígbẹ, ojú yẹ̀pẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Tí kò bá dúró síbẹ̀, ẹ dá ọkọ̀ dúró, kí ẹnì kan wà nídìí ọ̀pá gíà, kí ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú kó tẹ́tí. Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ON, kí ẹni inú ọkọ̀ fa ọ̀pá láti H2 sí H4. Ẹni ìta gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò dún díẹ̀, tí yóò sì dákẹ́. Bí ìró náà bá wà ṣùgbọ́n tí iná kò yé ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ń gbìyànjú, ohun tó ń tì ni kò lọ, tàbí kó jẹ́ pé swíìṣì tó ń jábọ̀ ló dákẹ́. Bí kò bá sí ìró kankan, iná lè má dé ibẹ̀.

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ pe ríwáyà, kì í ṣe ẹni tó ń tú gíàbọ́ọ̀sì. Kó yẹ fíùsì wò. Kó yọ ẹnu wáyà tó so mọ́ actuator, kó fi iná àyẹ̀wò sí i bí ẹ ṣe ń fa ọ̀pá. Bí iná bá ń dé ẹnu wáyà, tí actuator kò sì dáhùn, òun ló kú tàbí tó há. Bí iná kò bá dé, kó máa tọ wáyà lọ sókè: swíìṣì tó wà lára transfer, ìríléè, àti kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ADD. Ẹ̀mẹta ni mo ti bá irú ẹjọ́ yìí pàdé lára ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀rọ ni ìṣòro wà.

Ẹ̀kíní nínú wọn, ọkọ̀ tèmi ni. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní transfer ló ti jẹ, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ 4 ni jíìpù fi dùbúlẹ̀ lórí òkúta. Ó tú u, kò rí nǹkan kan, ó dá a padà, iná ṣì ń ṣẹ́jú, mo sì ti sanwó iṣẹ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra mi. Nígbà tí mo fa ẹnu wáyà actuator jáde, omi ẹrẹ̀ kán sí mi lọ́rùn ọwọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ọ̀kan nínú àwọn pín-ìn-nì inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, ó ti tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó sì ṣẹ́ nígbà tí mo fi èékánná kàn án. Ẹnu wáyà mìíràn láti ara actuator ògbólógbòó ni ríwáyà fi rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, gíríìsì tí wọ́n ṣe fún ẹnu wáyà iná ni mo máa ń kùn sí gbogbo ẹnu wáyà abẹ́ ọkọ̀ kí òjò tó dé. Owó tí mo san nídìí transfer yẹn ṣì ń dùn mí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé ká ti orí ohun tó kéré bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, tèmi kò tàn rárá, kò sì ṣẹ́jú.

Ẹ wo fíùsì àti gílóòbù iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, swíìṣì ara transfer: ó dà bí bóòtù tí wáyà jáde lórí rẹ̀, orí rẹ̀ inú ní bọ́ọ̀lù kékeré tí ọ̀pá inú transfer ń tẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá há, kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé ẹ ti fa ọ̀pá, kò sì ní rán actuator níṣẹ́. Ẹ tú u, ẹ tẹ orí rẹ̀ lọ́wọ́, kí ríwáyà fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Swíìṣì lásán ni, kò gba ọjọ́.

Iná tàn, ó dúró dáadáa, síbẹ̀ táyà iwájú kò fà. Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tó ti já?

Jáàkì, òkúta àti ọwọ́ yín tó. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le. Ẹ dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ sì gbé e lé ẹsẹ̀ onírin tó dúró dáadáa lápá méjèèjì, kì í ṣe orí jáàkì nìkan. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi gíà ńlá sí P, ọ̀pá kékeré sí H4, kọ́kọ́rọ́ ní ON kí actuator lè ṣiṣẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ di propẹ́là iwájú mú, ẹ gbìyànjú láti yí i. Yàtọ̀ sí ìmì díẹ̀, kò gbọdọ̀ yí, nítorí P ti dá ohun tó wà lẹ́yìn gíàbọ́ọ̀sì dúró, transfer sì ti so iwájú mọ́ ọn. Bó bá ń yí fàlàlà, transfer kò so. Ìgbà yìí la tó lè fura sí ọ̀pá àti fọ́ọ̀kì inú rẹ̀, ìyẹn irin tó ń ti gíà.

Bí propẹ́là bá dúró gbọn-in, ẹ bọ́ sí táyà. Ẹ yí táyà iwájú kan síwájú, ẹ máa wo èkejì. Bí ADD bá ti so, èkejì á máa yí sẹ́yìn, ní òdìkejì. Bí èkejì bá dúró jẹ́ẹ́ bí ẹ ṣe ń yí àkọ́kọ́, ADD kò so, ohunkóhun tí iná ń sọ. Ó tún lè jẹ́ pé ṣáàfù ti já nínú rọ́bà rẹ̀. Ẹ wo ṣáàfù méjèèjì bóyá wọ́n ń yí pẹ̀lú táyà.

Ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnì kí ẹ wọ gíà nígbà tí iwájú nìkan wà lókè tí ọ̀pá sì wà ní H4. Táyà ẹ̀yìn tó wà nílẹ̀ á fà, ọkọ̀ á fò kúrò lórí ẹsẹ̀, yóò sì wó lu ẹni tó wà lábẹ́. Ọwọ́ la fi ń ṣe àyẹ̀wò yìí.

Ẹ tún rí i dájú pé propẹ́là iwájú wà níbẹ̀ ná. Mo ti rí jíìpù tí wọ́n yọ ọ́ dànù nítorí pé ó ń pariwo, tí ẹni tó ra ọkọ̀ náà kò mọ̀ fún ọdún mélòó kan.

Actuator ti kú, mo wà lóko, kò sí ríwáyà nítòsí. Ṣé mo lè fi ọwọ́ so ó?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti kó mi yọ. Actuator di ara difurẹ́nṣà iwájú mú pẹ̀lú bóòtù díẹ̀. Ẹ nu ẹrẹ̀ àyíká rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tú u, nítorí iyanrìn tó bá bọ́ sínú difurẹ́nṣà kò ní jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ọ́ìlì díẹ̀ lè ṣẹ́ jáde. Tí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ ó rí ohun tó ń ti òrùka náà. Ẹ fi súkúrú-dírẹ́fà tì í sí apá tó ń so, kí ẹnì kan máa yí táyà díẹ̀díẹ̀ kí eyín lè wọ eyín. Ẹ dán an wò bí mo ṣe sọ lókè, ẹ wá dá actuator padà sórí ihò náà láìfi wáyà sí i, kí ó má baà fà á padà.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀pá transfer nìkan ni yóò máa pinnu. Ẹ lè máa wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní H2 láìsí ewu. Propẹ́là iwájú á máa yí, ọkọ̀ á jẹ epo díẹ̀ sí i, iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì lè máa ṣẹ́jú. Ẹ fi dé ilé, ẹ fi dé ibi tí ríwáyà wà.

Tí ẹ bá fẹ́ tún actuator fúnra rẹ̀ ṣe, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré, gíà, àti ojú bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jábọ̀ wà. Gíríìsì àtijọ́ tó ti le bí òrí ló sábà ń bo ojú bàbà yẹn. Mo máa ń fi aṣọ àti sípíríìtì nù ún, mo fi gíríìsì tuntun díẹ̀ sí i, mo sì tún fi gọ́ọ̀mù tó ń dí omi yí ìdérí rẹ̀ ká. Tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá ti jó, tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ lè rí i ní Ládípọ̀ nílùú Èkó tàbí Àràròmí ní Gate, Ìbàdàn, àmọ́ kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n fi bátìrì dán an wò lójú yín.

Tí mo bá fi H4 kọ́ kọ́nà lójú ọ̀dà, sítíárìn máa ń le, ọkọ̀ á sì máa fò. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́ rárá, ibi tí ẹ ti ń lò ó ni kò bá a mu. Ní kọ́nà, táyà iwájú máa ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Transfer tó so méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà kò gbà kí èyí ṣẹlẹ̀. Lórí ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, táyà á yọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà á tán. Lórí ọ̀dà, kò sí ibi tí yóò yọ̀ sí, agbára á ká jọ sínú ṣáàfù, propẹ́là àti ṣéènì transfer títí ohun kan yóò fi fò tàbí kó ṣẹ́. Ọ̀dà gbígbẹ, H2. Mo ti rí ẹni tó ń wa H4 láti Ìbàdàn dé Èkó nítorí pé ọkọ̀ “di ilẹ̀ mú” dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Àwọn 4Runner kan láti 1999 síwájú ní irú transfer mìíràn, tí wọ́n lè fi fọ́ọ̀-wíìlì rìn lórí ọ̀dà. Ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ irú èyí tí ẹ ní.

Ọ̀pá ti há sí H4 tàbí L4, kò jáde.

Agbára tó ká jọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn ló sábà ń dì í mú. Ẹ má fi ipá fà á. Ẹ gbé sítíárìn gún, ẹ rìn sẹ́yìn bíi mítà 5, ẹ gbìyànjú. Láti L4, ẹ dúró pátápátá, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi gíà ńlá sí N, kí ẹ tó fà á. Ṣé ó ṣì há? Ẹ ṣí awọ tó bo ìdí ọ̀pá nínú ọkọ̀. Rọ́bà líle tó wà nídìí ọ̀pá yẹn máa ń gbó, á rún, ọ̀pá á wá máa jó láìmú fọ́ọ̀kì lọ tó. Ohun tó kéré ni, àmọ́ ó lè jẹ́ kí èèyàn rò pé transfer ti bàjẹ́. Bí ọ̀pá yín bá ń gbọ̀n jìgìjìgì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ó ń dún “gbàù, gbàù” ní H4 tí mo bá ń gun òkè.

Tí ìró náà bá ń wá nígbà tí ẹrù wúwo tàbí tí ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, tó sì dà bí ohun tó ń fò láàárín ọkọ̀, ṣéènì transfer ló ti fà gùn tó ń fo eyín. Transfer nílò títú nìyẹn, n kò ní tàn yín. Ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́ onígíà ọwọ́ kò ní ṣéènì, gíà sí gíà ni tiwọn, wọn kì í sì í ní àìsàn yìí.

Tí ó bá jẹ́ “kẹ́kẹ́kẹ́” nígbà tí ẹ bá kọ́ sítíárìn, ṣáàfù iwájú ni. Tí rọ́bà rẹ̀ bá ya, iyanrìn á wọlé, gíríìsì á tán. Tí ó bá jẹ́ “gọ́” ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá ń gbéra tàbí dúró, ẹ wo oríkèé propẹ́là. Ó ní ọmú kékeré tí wọ́n fi ń rọ gíríìsì sí i, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í fọwọ́ kàn án. Mo máa ń rọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì.

Ọ́ìlì wo ni kí n rọ, báwo sì ni mo ṣe ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?

Ọ́ìlì gíà 75W-90, GL-5, ni mò ń rọ sí difurẹ́nṣà méjèèjì. Ti iwájú gba díẹ̀ lé ní lítà 1, ti ẹ̀yìn ju lítà 2 lọ, transfer gba nǹkan bíi lítà 1. Ihò ìrọsókè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ti ìsàlẹ̀, tí ọ́ìlì dà nù tán, tí ti òkè wá kọ̀ láti ṣí nítorí ó ti dógùn-ún, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó bá jáde dáadáa. Ọ́ìlì dúdú lásán kò léwu, ó kàn ti pẹ́ ni. Bó bá funfun bí ògì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì wẹ inú ọ́ìlì náà. Ìyẹ̀fun irin tó kúnná bí àtíkè, ìjẹra ọjọ́ pípẹ́ ni. Tí ẹ bá rí ègé tí ẹ lè fi ìka méjì mú, eyín ti ṣẹ́ níbì kan.

A la odò kékeré kọjá, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e síìlì ẹ̀yìn (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú difurẹ́nṣà) ń jò. Kí ló so méjèèjì pọ̀?

Difurẹ́nṣà gbóná nígbà tí ẹ wọ omi, ó tutù lójijì, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì sún kì. Ó ní ihò kékeré kan lókè tí ó fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí ihò yẹn, ẹnu síìlì ni yóò ti fa atẹ́gùn, omi á sì bá a wọlé. Lọ́nà kejì, tó bá gbóná tí kò lè mí síta, ọ́ìlì ni yóò ti síìlì jáde. Ti ẹ̀yìn léwu jù, nítorí ọ́ìlì lè dé ara bíréèkì. Ẹ nu ihò náà, ẹ rí i pé ìdérí rẹ̀ ń mì lọ́wọ́. Èmi fi hóòsì rọ́bà gùn ún lọ sókè lábẹ́ ilé ọkọ̀ lẹ́yìn. Owó tí mo ná síbẹ̀ kò tó ti síìlì kan.

Bọ̀dá, Hilux àtijọ́ bàbá wa ní háàbù ọwọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí láàárín táyà iwájú láti so táyà mọ́ ṣáàfù. Mo yí i, kò sì fà.

Ṣé ẹ yí méjèèjì? Bí ọ̀kan bá wà ní LOCK tí èkejì wà ní FREE, iwájú kò ní fà rárá, nítorí difurẹ́nṣà máa ń fi agbára ránṣẹ́ síbi tó rọrùn jù. Bí méjèèjì bá wà ní LOCK, ẹ tú ojú háàbù: gíríìsì àtijọ́ tó ti le kì í jẹ́ kí òrùka inú rẹ̀ wọlé. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ kùn ún ní gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má kì í kún, gíríìsì tó pọ̀ jù ló tún ń há a.

Ti Pajero ńkọ́? Iná fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Nínú Pajero ayé 1990, atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnì ń fà ló ń ti òrùka iwájú, kì í ṣe ẹ̀rọ oníná. Bí hóòsì tín-ín-rín kan bá sán níbikíbi láti ẹ́ńjìnì dé iwájú, òrùka kò ní lọ. Ẹ tọ hóòsì lọ́wọ́ láti ìdí dé orí, ẹ tẹ̀ wọ́n, ẹ gé ibi tó ti gbẹ. Lẹ́yìn náà, àwọn fáàfù oníná kékeré tó ń ṣí atẹ́gùn sílẹ̀, àti swíìṣì tó ń jábọ̀ lára difurẹ́nṣà. Àwọn 4Runner àti Hilux kan tó ṣáájú 1996 ń lo atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ náà.

Ṣé táyà tí kò bára mu lè bà á jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́. Ní H4, táyà ńlá àti kékeré dà bí kọ́nà tí kò tán láéláé. Ẹ má fi táyà tuntun méjì síwájú kí ẹ fi èyí tó ti jẹ tán sẹ́yìn, kódà bí nọ́ńbà ara wọn bá jọra. Okùn ni mo fi ń yí wọn ká láti wọ̀n wọ́n.

Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀. Kí ni kí n wò?

Ẹ dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti wà níbi tí yìnyín ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà níbẹ̀, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ ẹnu wáyà àti bóòtù abẹ́ ọkọ̀. Bí ìdérí ihò ọ́ìlì bá ti dógùn-ún débi pé sípánà kò mú un, ẹ dúnàá-dúrà nítorí rẹ̀. Ẹ rí i pé propẹ́là iwájú àti ṣáàfù méjèèjì wà. Ẹ wa ọkọ̀ náà ní H4 àti L4 lójú yẹ̀pẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí ẹni tó ń tà á bá ní “kò sí ìdí láti dán ìyẹn wò”, ẹ fi owó yín sápò.

Báwo ló ṣe yẹ kí n máa lò ó, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mi ò nílò rẹ̀?

Toyota fúnra wọn sọ ọ́ nínú ìwé ọkọ̀: ẹ wa á ní fọ́ọ̀-wíìlì fún ó kéré tán kìlómítà 16 lóṣooṣù. Ọ́ìlì ń dé ibi tí kì í dé ní H2, òrùka ADD ń rìn, ojú bàbà actuator ń fọ ara rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni tèmi, lójú yẹ̀pẹ̀ ọ̀nà oko, n ó wọ H4, n ó dúró, n ó wọ L4, n ó rìn díẹ̀, n ó padà sí H2. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, actuator mi kò há mọ́.

Fọ́ọ̀-wíìlì ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò gbogbo dára, síbẹ̀ a há sínú kòtò.

Ṣé táyà iwájú kan àti táyà ẹ̀yìn òdìkejì ló ń yí, tí méjì tó kù dúró? Difurẹ́nṣà yín ń ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é ni: ó ń fi agbára ránṣẹ́ sí táyà tó wà lófuurufú. Fọ́ọ̀-wíìlì so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, kò so ọ̀tún mọ́ òsì. Ẹ yé tẹ̀ ẹ́, ẹ máa kàn gbẹ́ kòtò sí i ni. Ẹ fi jáàkì gbé táyà tó ń yí lásán, ẹ ki òkúta tàbí igi sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wọ L4, ẹ sì jáde ní jẹ́jẹ́. Ẹ má gbàgbé láti rọ atẹ́gùn padà lọ́dọ̀ fọkanáísà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí.